Ìsàlẹ̀ 300 ni Ìyáàlù ti ń Sọ̀rọ̀

Nọ́ńbà kan ló gba ọkàn mi láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn: 300. Bí ẹ bá wá kóòdù tí wọ́n fi ń fọ ohùn mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ ti èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Python, ì báà jẹ́ àṣẹ onílà kan fún FFmpeg, ètò tí wọ́n fi ń tún ohùn àti fídíò ṣe, kò ní pẹ́ kí ẹ tó bá a pàdé. Wọ́n á ní kí ẹ gé gbogbo ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 300 Hz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni Hz) dànù, kí ẹ sì gé ohun tó bá kọjá 3,400 Hz lókè. Èyí tó bá ṣẹ́kù láàrin, òun ni wọ́n ń pè ní ohùn.

Nọ́ńbà náà ní orísun tó dájú. Ọ̀nà tẹlifóònù ló fẹ̀ mọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn lè gba orí wáyà kan náà kọjá, wọ́n wá wo ìwọ̀nba tí etí nílò kí ọ̀rọ̀ tó yé e, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Láti ọdún 2001 tí GSM ti wọ Nàìjíríà la ti ń sọ Yorùbá lórí rẹ̀, a sì ń gbọ́ ara wa yé, àti ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé nọ́ńbà yìí ti kúrò lórí wáyà. Ó ti wọ inú ètò tí a fi ń tọ́jú ohùn àwọn àgbà wa, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó wá ṣe níbẹ̀.

## Kásẹ́ẹ̀tì ìdílé

Iṣẹ́ tí èmi àti àbúrò mi dáwọ́ lé ní Tánkẹ̀, ní Ìlọrin níbí, kò tóbi. Kásẹ́ẹ̀tì ìdílé wa wà nílẹ̀, Ọ̀fà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wá: ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìkómọ, oyè jíjẹ. A fẹ́ gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà, kí á kọ ètò kékeré kan tí yóò máa bù wọ́n sí wẹ́wẹ́, tí yóò dín ariwo wọn kù, kí àwọn ará wa tó fọ́n káàkiri lè máa gbọ́ wọn lórí fóònù.

Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí mọ̀ pé bí kásẹ́ẹ̀tì bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀ ń dà, àtorin, àtẹkún. Ní ìwọ̀n tí CD ń lò, ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ sample 44,100 (sample ni nọ́ńbà kan tó ń sọ bí ohùn ṣe wà ní ojú kan), ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò lè relẹ̀ ju -32,768 lọ, kò sì lè ga ju 32,767 lọ. Ìṣirò lórí àwọn nọ́ńbà yìí ni fíltà tó ń gé ohùn. Èyí tó rọrùn jù ni pé kí ẹ mú sample kan, kí ẹ rò ó pọ̀ mọ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá pín in dọ́gba. Ohun tó ń yára gbọ̀n á rọlẹ̀, ohun tó ń rọra gbọ̀n á dúró. Fíltà tí Stephen Butterworth gbé ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1930, tí gbogbo wa ń pè jáde lónìí láti inú SciPy, àkójọ kóòdù ìṣirò ti Python, gbọ́n ju ìyẹn lọ dáadáa, ṣùgbọ́n òun náà kò gbọ́ nǹkan kan. Asẹ́ tí ìyá ológì fi ń sẹ́ ògì kò mọ èyí tó ń jẹ́ ògì, kò mọ èyí tó ń jẹ́ èérí. Bí ihò rẹ̀ ṣe tó nìkan ló mọ̀. Ẹni tó yan aṣọ asẹ́ ti dá ẹjọ́ náà kí omi tó kàn án.

Kásẹ́ẹ̀tì tó bí àròkọ yìí jẹ́ ti alẹ́ àìsùn ìsìnkú ìyá màmá wa. Ọkùnrin kan ń ki oríkì, ìyáàlù wà nítòsí rẹ̀, àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan sì wà lẹ́yìnkùlé tí kò dákẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Irú jẹnẹrétọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kó tó lè fún wa ní iná 50 Hz, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà hùn-ùn rẹ̀ wà ní 50, ó tún wà ní 100, ní 150, ní 200. Bí ẹnì kan bá ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, ẹ́ńjìnnì á fà, gbogbo àwọn nọ́ńbà yẹn á sì rọ̀ díẹ̀ pọ̀. Lókè pátápátá, téèpù fúnra rẹ̀ ń hó ṣìì-ṣìì bí gbogbo kásẹ́ẹ̀tì ṣe máa ń hó.

## “Kọ̀ngọ́ ni mò ń gbọ́”

A ṣe oríṣi mẹ́ta láti ara téèpù náà kí á lè fi wọ́n wéra: èyí tí a kò fọwọ́ kàn, èyí tí a fọ̀ díẹ̀, àti èyí tí a sẹ́ láti 300 dé 3,400 gẹ́gẹ́ bí kóòdù orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe wí. Gbogbo ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ló mú ìkẹta. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Èkó pè mí, ó ní ohùn akéwì náà wá mọ́ ketekete, pé òun gbọ́ orúkọ bàbá àwọn níbi tí òun kò ti gbọ́ ọ rí. Òtítọ́ ló sọ. Jẹnẹrétọ̀ ti lọ, híhó téèpù ti lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin yẹn sì dúró gbọnin.

Lẹ́yìn èyí ni a gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ọ̀fà, a gbé kọ̀ǹpútà lọ bá bàbá kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ Àyàn, pé kí wọ́n bá wa sọ ohun tí ìlù ń wí kí á lè kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó mọ́ jù la kọ́kọ́ ṣí fún wọn. Bàbá fi íápíìsì sétí, wọ́n dijú. Wọ́n ní ohùn ọkùnrin náà dára, pé ó mọ ìdílé yín. Mo ní, “Bàbá, kí ni ìyáàlù ń sọ níbẹ̀ yẹn?” Wọ́n ní kí n dá a padà. Mo dá a padà. Wọ́n tún ní kí n dá a padà. Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ íápíìsì kúrò létí.

“Kọ̀ngọ́ ni mò ń gbọ́, ọmọ mi. Mi ò gbọ́ ìlù. Ẹni yẹn ń lu nǹkan, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀.”

Àbúrò mi ṣí èyí tí a kò fọwọ́ kàn. Jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù, bàbá ò tilẹ̀ mẹ́nu bà á. Orí wọn ti ń mì. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti ń fi ẹnu sọ ọ́ tẹ̀ lé ìlù: “Ìjàkadì lorò Ọ̀fà.” Wọ́n tún un sọ bí ìlù ṣe tún un sọ. Wọ́n pe orúkọ baba ńlá wa kan, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní onílù yẹn ń dọ́gbọ́n tọrọ owó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọwọ́ sókè pé kí á dákẹ́. Wọ́n ní, “Àlejò wọlé. Òmù-Àrán ló ń kì báyìí.”

Èmi àti àbúrò mi wo ara wa. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ pé àwọn àna wa láti Òmù-Àrán kò lè dé ibi òkú màmá lálẹ́ ọjọ́ náà, pé ọjọ́ kejì ni wọ́n tó yọjú. Akéwì kò dárúkọ wọn rárá nínú téèpù náà. Ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà ni, ó ń bá ewì rẹ̀ lọ. Onílù ló rí wọn. Ó fi ìlù kí wọn káàbọ̀, ó kì wọ́n, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn onílé. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Nínú èyí tí gbogbo wa gbà pé ó mọ́ jù, ọ̀mọ̀ràn pàápàá kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

## Ìdí tí akéwì fi yè, tí ìlù kò yè

Ọ̀rọ̀ yìí gbà mí lákòókò, nítorí ohùn akéwì náà kò ga. Nígbà tí mo wò ó lórí spectrogram, àwòrán tó ń fi bí ìró ṣe ga tó hàn, ohùn rẹ̀ wà ní nǹkan bí 120 Hz ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ìsàlẹ̀ 300 ló wà, a sì ti gé e. Kí ló dé tí àmì ohùn rẹ̀ fi yé wa síbẹ̀?

Ọ̀nà ọ̀fun ènìyàn ni ìdáhùn rẹ̀. Bí ohùn bá ń gbọ̀n ní 120, kì í gbọ̀n níbẹ̀ nìkan. Ó ń gbọ̀n ní 240, ní 360, ní 480, ní 600, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ sókè. Bí ẹ bá gé 120 àti 240 dànù, àwọn tó kù ṣì jìnnà síra wọn ní 120, 120. Etí á ka àlàfo náà, ọpọlọ á sì dá ìpìlẹ̀ tó sọnù padà fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni a fi ń gbọ́ ìyàtọ̀ ọkọ́ àti ọkọ̀ lórí fóònù tí kò gbé ìsàlẹ̀ ohùn dé ọ̀dọ̀ wa.

Awọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìró awọ tí a fà lé ojú nǹkan róbótó kì í tò tẹ̀ lé ara wọn ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta. Nínú ìṣirò awọ tó dọ́gba látòkè délẹ̀, ìró kejì wà ní nǹkan bí ìlọ́po 1.59 ti àkọ́kọ́, ìkẹta ní nǹkan bí ìlọ́po 2.14. Kò sí àlàfo kan tí etí lè kà. Àwọn ìró òkè yẹn sì tètè ń kú. Ìró ìsàlẹ̀ ló ń dúró, òun ni ọwọ́ onílù ń fi ọsán fún mọ́ra, òun ló ń gbé sókè, òun ló ń rẹ̀ sílẹ̀. Ìyáàlù inú téèpù wa ń rìn láàrin nǹkan bí 110 sí 250 Hz. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pátá ló wà nísàlẹ̀ 300.

Butterworth onípele mẹ́rin tí a gbé sí 300 á dín ohun tó wà ní 150 kù sí bí ìdá kan nínú 16. Bí ẹ bá lo àṣẹ filtfilt inú SciPy, tó ń gba inú ohùn kọjá lẹ́ẹ̀mejì, láti iwájú àti láti ẹ̀yìn, á di bí ìdá kan nínú 256. Lókè ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ìró ṣaworo tó yí ojú ìyáàlù ká kọjá 3,400, nítorí náà òun náà bá híhó téèpù lọ. Ohun tó ṣẹ́kù láàrin ni bí igi ṣe ń kan awọ. Bàbá sọ ọ́ gan-an bó ṣe rí: kọ̀ngọ́ ni.

Ẹ fi ẹnu sọ “Ìjàkadì lorò Ọ̀fà” wò, kí ẹ fọkàn sí ohùn rẹ̀. Sílébù mẹ́jọ ni. “Ka” àti “lo” nìkan ló gòkè sí àárín. Mẹ́fà yòókù wà nísàlẹ̀. Gígòkè méjèèjì yẹn ni ìlù fi ń jẹ́ ká mọ̀ pé Ọ̀fà ló ń kì. Nínú èyí tí a sẹ́, kíkàn mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ọgbọọgba ni gbogbo wọn.

## Yíyọ yàtọ̀ sí dídínà

Mi ò sọ pé kí jẹnẹrétọ̀ máa bú lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fi fóònù kékeré gbọ́ nǹkan nínú ọkọ̀ kò ní gbọ́ ohunkóhun. Ìbéèrè ibẹ̀ ni bí a ṣe máa mú un kúrò láìpa ẹni tó jókòó tì í.

A kọ́kọ́ wo fíltà tóóró, èyí tí wọ́n ń pè ní notch, tó ń gbẹ́ ihò kékeré sí ojú kan ṣoṣo. Bí ẹ bá gbé e sí 150 pẹ̀lú Q (ìwọ̀n bí ihò náà ṣe tóóró tó) tó jẹ́ 30, 5 Hz péré ló máa fẹ̀. Ó dára fún wáàsí, ó dára fún ìjíròrò. Fún ìyáàlù, wàhálà rẹ̀ ni pé ìlù kì í fò láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó ń yọ̀ lọ ni, ó sì gbọ́dọ̀ gba 150 kọjá. Bó bá dé ibẹ̀, ohùn rẹ̀ á rì, á sì tún yọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fíltà tó bá tóóró bẹ́ẹ̀ kì í tètè dákẹ́ bí kọ̀ngọ́ bá kàn án lójijì; ó máa ń dún díẹ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí a wá ń ṣe báyìí kì í ṣe fíltà ní ti gidi. Jẹnẹrétọ̀ kì í sinmi, ìlù máa ń sinmi. Láàrin kíkàn kan sí èkejì, àyè kékeré máa ń wà tí ẹ́ńjìnnì nìkan ń sọ̀rọ̀. Ètò wa ń wá àwọn àyè yẹn, ó ń wọn bí hùn-ùn náà ṣe ga tó, bó ṣe ń yára gbọ̀n tó, àti ibi tó bá dé nínú yíyí rẹ̀, ó wá kọ́ hùn-ùn tirẹ̀ tó bá a mu, ó sì ń fi sample yọ sample. Ìlù tó bá kọjá ní 150 lásìkò yẹn kò ní sọnù, nítorí hùn-ùn nìkan la yọ, a kò dí ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò rọrùn. Téèpù kì í rìn déédéé, ẹ́ńjìnnì náà kì í rìn déédéé, nítorí náà a ní láti máa wọ̀n ọ́n léraléra. Níbi tí onílù bá ti ń lù ú kíkankíkan tí kò mí, kò sí àyè kankan láti wọ̀n. Ibẹ̀ la fi ariwo sílẹ̀ bó ṣe wà.

Kí n sọ ohun kan fún ẹni tó bá fẹ́ dán irú èyí wò: fáìlì wákàtí kan lè pọ̀ jù láti kó sí mẹ́mórì fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó máa kà á ní abala-abala ni. Bí ẹ bá ń fi fíltà ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ipò tí fíltà wà ní òpin abala kan lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ èkejì. Orúkọ tí SciPy ń pè é ni `zi`, nínú àṣẹ fíltà rẹ̀ tó ń jẹ́ `sosfilt`. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ìró “kọ́” kékeré kan á máa jáde níbi tí abala méjì ti pàdé. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹni tó ń gbọ́ á mọ̀ pé àléébù ni. Nínú ìlù, ó jọ kọ̀ngọ́, ó sì lè di sílébù tí onílù kò lù.

## Ta ni wọ́n kà sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ju kásẹ́ẹ̀tì wa lọ. Àwọn ètò tuntun tó ń fi ẹ̀rọ ẹlẹ́kọ̀ọ́ dín ariwo kù kì í lo 300 mọ́. Ohùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn àti ariwo oríṣiríṣi ni wọ́n fi kọ́ wọn, wọ́n sì ń yà á sọ́tọ̀ fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ìpín méjì náà ló ṣì wà: ẹnu ènìyàn lápá kan, ariwo lápá kejì. Ibo ni ìyáàlù máa jókòó sí níbẹ̀? Zoom ní ibi tí ẹ ti lè pa dídín ariwo kù fún àwọn olórin, nítorí wọ́n mọ̀ pé ètò wọn máa ń jẹ orin. Ó dára tí ó wà níbẹ̀. Síbẹ̀, abẹ́ orin ni wọ́n fi í sí, bí ẹni pé adùn nìkan la pàdánù.

Nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ la pàdánù. Ìlù ń kí, ó ń bú, ó ń kìlọ̀, ó ń pe ènìyàn lórúkọ bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi ìnáwó ní Ọ̀fà tàbí ní Ìlọrin níbí, ẹ ó rí àgbàlagbà tó yíjú padà nítorí ohun tí ìlù sọ sí i, tó sì fi owó tàbí ẹsẹ̀ ijó dá a lóhùn. Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà bá wa tọ́jú ohùn irú ibẹ̀, tí a sì ka ẹnu kan péré mọ́ ohùn, ìdajì ìjíròrò la gbà sílẹ̀.

Mi ò tìtorí èyí ní kí ẹnikẹ́ni ju fíltà dànù. Wáàsí pọ̀ lórí kásẹ́ẹ̀tì nílé àwọn ará Ìlọrin, àwọn àáfà àgbà tó ti ṣaláìsí, tí ọmọ àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn ṣì fẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin kan ṣoṣo ni, fáànù wà lórí rẹ̀, ìwúkọ́ èrò wà níbẹ̀. Ẹ gé e ní 100, ẹ gé e ní 200 bí ó bá gbà, etí á dá ìyókù padà. Dadakúàdà yàtọ̀, nítorí ìlù ń bá akọrin ṣọ̀rẹ́ níbẹ̀. Rárà ìyàwó láìsí ìlù tún yàtọ̀. Ẹni tó bá ń kọ ètò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà nínú téèpù, kó tó kọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dí wa létí pàápàá, ó yẹ kí á ṣì lè mọ ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Nínú ètò wa báyìí, kò sí nọ́ńbà tí a kọ mọ́ inú kóòdù mọ́. Téèpù kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré tirẹ̀ tó ń sọ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, akéwì, ìyáàlù, gángan bó bá wà, àti ibi tí ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà. Ibẹ̀ ni ètò ti ń ka ibi tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Fáìlì tí a kò fọwọ́ kàn ń bá èyí tí a fọ̀ rìn nígbà gbogbo, nọ́ńbà tí a fi fọ̀ ọ́ sì wà lára rẹ̀, kí ẹni tó bá mọ̀ jù wá lọ lè tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú.

Àwọn àna Òmù-Àrán ti gbọ́ apá tiwọn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn ní òun wà nínú ọkọ̀ tó dé lálẹ́ yẹn, pé òun rántí pé ìlù kí àwọn, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ìlù sọ lẹ́yìn ìkíni kì í ṣe ohun tí bàbá Ọ̀fà wí. Bàbá Ọ̀fà kò gbà. Ibi tí wọ́n ń jiyàn lé lórí bọ́ sí àkókò tí ẹnì kan tan nǹkan tó wúwo sórí iná, tí hùn-ùn jẹnẹrétọ̀ rọ̀ wá sí ojú ibi tí ìlù wà gan-an. A ti fi àmì sí i nínú ìwé téèpù náà, a kọ ohun tí àwọn méjèèjì sọ síbẹ̀, a sì ń wá ọmọ Àyàn kẹta tí yóò bá wa gbọ́ ọ.